Ilẹ̀ Là Ń Wò Kí A Tó Ra Ẹ̀rọ

Ní Kétu tí wọ́n ti bí mi, koríko kì í hù ní àgbàlá ẹni tó bá mọ iyì ara rẹ̀. Ní òròòwúrọ̀, kí oòrùn tó yọ, ìyá mi yóò ti gbá àgbàlá wa láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí igi máńgòrò, ìlà ọwọ̀ yóò sì hàn lójú ilẹ̀ pupa náà bí ìlà inú ìwé. Bí ewé koríko kan bá yọrí lẹ́bàá ògiri, ọkọ́ ni yóò fi hú u tòun ti gbòǹgbò. Lójú tirẹ̀, koríko a máa pe ejò wá sílé, a máa kó ẹ̀fọn jọ, a sì máa kéde ìmẹ́lẹ́ onílé fún ẹni tó ń kọjá lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún un nígbà náà pé ọmọ rẹ̀ tí ó rán lọ sí ilé-ìwé Faransé yóò di ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti máa tọ́jú koríko ní àgbàlá onílé, ẹ̀rín ni ì bá fi onítọ̀hún rín.

Èmi náà kò rò ó rí. Ó ti lé ní ọdún méjìdínlógún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì àti kẹ́míkà ní collège ní Àjàṣẹ́. Ní ọdún 2022, àkọ́bí mi obìnrin yege nínú ìdánwò bac, ó sì wọ yunifásítì ní Abomey-Calavi. A yọ̀, a dúpẹ́, a se ìrẹsì. Lẹ́yìn ìrẹsì ni owó yàrá dé, owó ìwé tẹ̀ lé e, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ sì ń bẹ lẹ́yìn wọn. Owó oṣù olùkọ́ ní ìwọ̀n tirẹ̀. Kì í gùn nítorí pé ọmọ gùn. Mo ti fi ìrọ̀lẹ́ kọ́ ọmọ àwọn ẹlòmíràn nínú ilé wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ohùn mi ti ń há, ó sì ti ń sú mi láti máa sọ ní alẹ́ ohun tí mo ti sọ láàárọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo ń wá, èyí tí n kò ní sọ̀rọ̀ nídìí rẹ̀.

Aládùúgbò wa kan tó ti pẹ́ ní ilẹ̀ Faransé ni ó là mí lójú. Ó padà wálé, ó kọ́ ilé tó dára, ó sì gbin gazon yí i ká. Ọmọkùnrin tó ń bá a tọ́jú rẹ̀ ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ sí Kùtọ̀nú, ó wá ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo mọ ẹni tó lè máa gé e. Ọjọ́ náà ni mo rìn yí àdúgbò wa ká pẹ̀lú ojú tuntun. Ilé márùn-ún ni mo kà tó ní gazon, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ilé ìwòsàn kékeré kan. Ayé yí nítòótọ́: ohun tí àwọn ìyá wa ń hú dànù ni àwa ń fi owó gbìn. Mo padà lọ bá aládùúgbò mi, mo ní, “Mo mọ ẹnì kan. Èmi ni.”

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé irú ẹ̀rọ wo ni mo ní. N kò ní ẹ̀rọ kankan.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, àjọ tí èmi àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ń dá kàn mí. Ẹgbàáfà lọ́nà ogún fáráǹkì CFA ni, ìyẹn 240,000. Ìyàwó mi, tó ń ta aṣọ ní ọjà Ouando, ti mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe kí n tó sọ ọ́. Ó ní, “Baálé mi, owó yìí kò ní ìkejì. N kò ní kí ẹ má ra ẹ̀rọ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwa tí à ń tajà, ohun tó ń dán lókè àtẹ kọ́ ni ó ń pa èrè.” Mo dáhùn pé mo ti gbọ́. N kò tí ì gbọ́.

Nítorí pé nígbà tí mo dé ilé ìtajà kan ní Kùtọ̀nú, ohun tó ń dán gan-an ni mo dúró sí iwájú rẹ̀. Tondeuse pupa kan ni, ó ní kẹ̀kẹ́ mẹ́rin, ó ní ọwọ́ tí ènìyàn ń dì mú láti ẹ̀yìn, ó sì ní àpò ńlá tí koríko tí a gé ń rọ́ sí. Mo ti kà nípa irú ẹ̀rọ yìí rí. Ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Edwin Budding, ni ó kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí fún ẹ̀rọ ìgékoríko ní ọdún 1830. Wọ́n ń hun aṣọ onírun àgùntàn ní agbègbè rẹ̀, ẹ̀rọ kan sì wà tí wọ́n fi ń rẹ́ irun wúruwùru ojú aṣọ náà kí ó lè jọ̀lọ̀. Budding wo ẹ̀rọ yẹn, ó ronú pé ohun tó lè rẹ́ irun aṣọ lè rẹ́ irun ilẹ̀. Èyí tí mo ń wò ní Kùtọ̀nú kì í ṣe irú tirẹ̀ gan-an. Abẹ kan ṣoṣo ni ó ń yí bìrìbìrì lábẹ́ ìdérí irin, bí ọwọ́ fáànù. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì nílò kí a po òróró mọ́ ẹ́sáǹsì, nítorí òróró ní ààyè tirẹ̀ nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ alùpùpù tí a ń gùn lónìí.

200,000 ni wọ́n ní kí n mú wá. Ọwọ́ mi ti wà nínú àpò. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n sọ òtítọ́ fún ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí: kì í ṣe nítorí koríko ni mo fi fẹ́ ra á. Ẹni tó ń lo tondeuse kì í bẹ̀rẹ̀. Ó ń rìn nílòóró lẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀, bí ẹni tó ń ṣeré lọ. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bá kọjá, wọn kò ní rí olùkọ́ wọn tó tẹ ẹ̀yìn ba sínú koríko pẹ̀lú àdá. Ìtìjú ni mo fẹ́ fi owó àjọ rà kúrò lọ́rùn ara mi. Mo bẹ onílé ìtajà náà pé kó bá mi fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, nítorí kò bójú mu kí n dáwọ́ lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsọ fún bàbá mi.

Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, Kétu ni wọ́n ń gbé. Mo dọ̀bálẹ̀, a jẹun, mo sì rò fún wọn. Wọ́n dákẹ́ pẹ́ títí. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ bàbá tiwọn ni wọ́n sọ.

Láyé àwọn commandant, gbogbo ọkùnrin tó ti di géńdé ni ó ní iye ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ fún ìjọba lọ́dọọdún láìgba owó. Prestation ni wọ́n ń pè é. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ń ṣán, wọ́n á hú kùkùté, wọ́n á ru erùpẹ̀. Bàbá bàbá mi a máa gbé àdá ara rẹ̀ àti oúnjẹ ara rẹ̀ lọ. Bí oko rẹ̀ bá ń béèrè ọkọ́ lọ́jọ́ náà, oko rẹ̀ ni yóò dúró. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1946 ni òfin tí wọ́n fi orúkọ Houphouët-Boigny pè fòpin sí iṣẹ́ ipá ní gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso lókè òkun. Ṣùgbọ́n ìwé òfin kì í pa ìrántí rẹ́. Bàbá mi ní títí bàbá àwọn fi kú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ṣán koríko ojú ọ̀nà, àfi ojú ọ̀nà oko tiwọn.

Wọ́n wá bi mí pé, “Ta ni yóò sọ iye tí wọn yóò san?”

Mo ní, “Èmi ni, Bàbá.”

“Bí o bá ní o kò lọ lọ́jọ́ kan ńkọ́?”

“Ilé mi ni n ó jókòó sí.”

Wọ́n mi orí. “Á jẹ́ pé kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Koríko kò ní ìtìjú nínú. Àìlè sọ pé o kò ṣe ni ìtìjú.” Ọkàn mi balẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn tondeuse pupa náà: kẹ̀kẹ́ rẹ̀, àpò rẹ̀, abẹ rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí n rò ó tán. Wọ́n ní, “Ilẹ̀ tí o fẹ́ gbé e lọ yẹn, ṣé o ti fi ẹsẹ̀ rìn ín?”

Mo ní mo ti rí i láti ẹnu ọ̀nà.

“Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìwọ ti sọ ọmọ lórúkọ, o kò tí ì wo ilé.”

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mo mú okùn ìwọ̀n kan, ọ̀pá kan àti ìwé àkọsílẹ̀, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn onílé, mo sì rin àgbàlá márààrún láti igun dé igun. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nìyí. Ilé kìíní, ti aládùúgbò mi: ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, nǹkan bí ìwọ̀n mítà ọ̀ọ́dúnrún níbùú lóròó, tondeuse lè máa sáré níbẹ̀. Ilé kejì: ilẹ̀ dagun sí ọ̀dọ̀ gọ́tà, gbòǹgbò igi máńgòrò sì yọ síta káàkiri. Ilé kẹta: àwọn birikìlà ti fi èérún yangí sílẹ̀ nínú koríko láti ìgbà tí wọ́n kọ́lé. Ilé kẹrin, ilé ìwòsàn: òdòdó, igi kéékèèké àti ojú ọ̀nà oníṣìmẹ́ńtì tó ya síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ilé karùn-ún: gazon ti kú ní ìdajì àgbàlá, ẹ̀kan tó dé orúnkún sì ti gba ipò rẹ̀.

Mo jókòó sórí ìdènà gọ́tà, mo ka ìwé mi. Bí abẹ tondeuse bá ń yí tó sì kan yangí tàbí gbòǹgbò, kì í ṣe abẹ nìkan ni ó lè tẹ̀. Ọ̀pá irin tó gbé abẹ náà dúró nínú ẹ̀rọ lè tẹ̀ pẹ̀lú, ẹ̀rọ náà a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di àlòkù irin. Kò sì lè wọ inú ẹ̀kan tó ga tó orúnkún láìkú. Nínú ilé márùn-ún, ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ tí mo fẹ́ fi 200,000 rà lè ṣe láìkọsẹ̀. Mo tẹ onílé ìtajà ní Kùtọ̀nú láago, mo ní kó máa tà á.

Ẹ̀rọ kejì tó kù fún mi ni débroussailleuse: ọ̀pá gígùn tí ẹ́ńjìnnì kékeré wà ní òpin rẹ̀ kan, tí okùn náílọ́ọ̀nù tàbí abẹ irin sì ń yí ní òpin kejì. Ènìyàn yóò fi ìgbànú kọ́ ọ sí èjìká, yóò sì máa fì í láti ọ̀tún sí òsì. Èrò okùn yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1971, ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Ballas rí bí àwọn búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ọkọ̀ ṣe ń wọ gbogbo kọ̀rọ̀ ọkọ̀ láìha ọ̀dà ara rẹ̀. Ó mú agolo kan, ó so okùn ìpẹja mọ́ ọn, ó sì mú kí ó máa yí. Okùn kò dà bí abẹ irin: bí ó bá kan òkúta, yóò ṣẹ́ kúrò níbẹ̀, a ó sì fa òmíràn jáde. Ó lè wọ àárín gbòǹgbò, ó lè tẹ̀ lé etí gọ́tà, ó lè gun ibi tó dagun. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀kan, a ó yọ okùn, a ó fi abẹ irin sí i. Àbùkù rẹ̀ kò ṣàìsí: ojú koríko kì í tẹ́jú tó ti tondeuse, ariwo rẹ̀ pọ̀, ó wúwo léjìká, kò sì ní àpò, ọwọ́ ni a fi ń kó ohun tí a bá gé.

Èwo nínú wọn ni kí n wá rà? Mo tọ mẹkáníìkì kan lọ ní ẹ̀bá ọjà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti jókòó ní kíláàsì mi rí. Ní troisième, 6 nínú 20 ni mo fún un nínú ìdánwò tó dá lórí ìpín àti ìwọ̀n. Ó fún mi ní àpótí jókòó, ó ní, “Prof, ẹ má béèrè èyí tó lágbára jù. Ẹ béèrè èyí tí ẹ ó rí búgì rẹ̀ rà nínú ọjà yìí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí iṣẹ́ bá ń dúró dè yín.” Ó tú àtijọ́ kan palẹ̀ níwájú mi, ó fi àwọn ohun tó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ hàn mí: búgì, okùn tí a fi ń fà á kí ó tó dún, ràbà pẹlẹbẹ inú carburateur, ohun tó ń sẹ́ atẹ́gùn. Ó ní bí n kò bá lè rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rà láàárín wákàtí kan, kí n má ra ẹ̀rọ náà, ibi yòówù tí wọ́n ti ṣe é.

Lẹ́yìn náà ó kọ́ mi ní ìpín. Débroussailleuse tí mo ń wò kò ní ààyè òróró tirẹ̀. Inú ẹ́sáǹsì ni òróró ń gbà dé ara irin. Bí ìwé ẹ̀rọ bá ní ìpín kan nínú 25, ìdá 40 mililítà òróró ni yóò wọ lítà ẹ́sáǹsì kan; bí ó bá ní ìpín kan nínú 50, ìdá 20 ni. Bí òróró bá kéré jù, irin a jẹ irin, ẹ̀rọ a sì gan. Bí ó bá pọ̀ jù, èéfín a bo onílé, búgì a sì dọ̀tí. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe ra èyí tí wọ́n ti pò tẹ́lẹ̀ nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, nítorí ẹni tó pò ó nìkan ló mọ ohun tó fi sí i. Bí ó bá sì jẹ́ kpayo ni mo rà, kí n fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ kí ìdọ̀tí àti omi má bàa wọ inú ẹ̀rọ. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo dìde, mo sọ fún un pé bí ó bá jẹ́ òní ni, 18 ni n ó fún un. Ó ní, “Prof, ẹ jẹ́ kí ó pé 20. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ tán ni.”

Mo ra ẹ̀rọ náà ní 125,000. Mo ra bàtà tó bo kókósẹ̀, okùn náílọ́ọ̀nù, ìgò tó ní ìlà ìwọ̀n lára, irin oníka tí a fi ń wọ́ koríko jọ, àti àdá kan. Awò tó ń dáàbò bo ojú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo gbé e, mo wò ó, mo sì dá a padà. Mo ní n ó rà á nígbà tí èrè bá wọlé.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ìtìjú tí mo ń bẹ̀rù kò pẹ́ kó tó lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kí mi, wọ́n kọjá, ayé kò sì parẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Karùn-ún, mo wà ní ilé kẹta, ilé oníyangí. Ẹsẹ̀ mi ti rin ilẹ̀ náà ní oṣù Kẹta, mo sì gbà pé mo ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n koríko ti ga láti ìgbà náà. N kò rí òkúta náà. Mo gbọ́ ìró kan ṣáá, ojú òsì mi ṣókùnkùn, mo sì jókòó sílẹ̀ láìmọ ìgbà tí mo jókòó. Èérún yangí kan tí kò tóbi ju ẹ̀wà méjì lọ ni ó bá mi lókè ìpéǹpéjú. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni wọ́n fi rán an. Nọ́ọ̀sì tó rán an fi ìka rẹ̀ wọn àyè tó wà láàárín ọgbẹ́ náà àti ẹyinjú mi, kò sì sọ nǹkan kan. Owó ìtọ́jú náà tó ìlọ́po mẹ́ta owó awò tí mo dá padà.

Lọ́jọ́ Ajé, gbogbo kíláàsì ń wo báńdéèjì mi. Mo kọ iṣẹ́ kan sójú pátákó. Okùn ẹ̀rọ kan gùn ní sẹ̀ntímítà 20 láti àárín títí dé ṣóńṣó rẹ̀, ó sì ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan. Báwo ni ṣóńṣó rẹ̀ ṣe ń sáré tó? Wọ́n ṣe é: ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, mítà 1.26 nígbà kọ̀ọ̀kan, ó di mítà 126 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ di nǹkan bí kìlómítà 450 ní wákàtí kan, kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn na ọwọ́ sókè, ó ní, “Prof, ṣé ẹ mọ ìṣirò yìí kí ó tó ṣẹlẹ̀?” Mo ní mo mọ̀ ọ́n. “Kí ló wá dé tí ẹ kò fi wọ awò?” N kò rí èsì fún un títí aago fi lù. Mo ra awò náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, kí n tó fa okùn ẹ̀rọ mi, mo máa ń fi ẹsẹ̀ àti ọ̀pá rin gbogbo àgbàlá tí mo bá fẹ́ gé, ìbáà jẹ́ ìgbà ogún ni mo ti gé e rí.

Ọ̀ràn kan tún wà tí n kò fẹ́ fi pamọ́. Ní ilé ìwòsàn, bàbá arúgbó kan ti ń fi àdá ṣán koríko ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn tó ni ibẹ̀ ní iṣẹ́ rẹ̀ lọ́ra, àwọn fẹ́ kí n gbà á. Mo ti gbà á tán kí n tó ronú kàn án. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ mi níbẹ̀, okùn náílọ́ọ̀nù bó èèpo igi kékeré méjì yí po. Igi tí wọ́n bá bó èèpo rẹ̀ yí po kì í pẹ́ kó tó kú. Bàbá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo igi náà, wọn kò wò mí. Ara mi kò gbà á. Mo padà lọ bá àwọn tó gbé iṣẹ́ fún mi, mo ní n kò lè ṣe é láìsí bàbá náà. Láti ìgbà náà, èmi ń gé àárín, bàbá ń fi àdá wọn tọ́jú ìdí igi àti ẹ̀bá òdòdó, a sì ń pín owó náà. Àdá tí mo rà wà nínú ẹrù mi títí dòní, àwọn ni wọ́n sì kọ́ mi bí a ṣe ń pọ́n ọn kó mú.

Iṣẹ́ náà kò sọ mí di olówó. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 kan náà, ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó kpayo sì fò sókè lọ́dọ̀ wa. Mo ní láti bá àwọn onílé tún owó sọ. Oṣù Kẹfà tí koríko ń dàgbà jù ni ìwé ìdánwò náà ń dúró de àwa olùkọ́. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹta, òjò kì í rọ̀, koríko kì í dàgbà, owó kì í wọlé. Ẹni tó bá jẹ èrè oṣù Kẹsàn-án tán kò ní rí nǹkan fi ra búgì ní oṣù Kẹrin. Mo tún kọ́ pé ojúkòkòrò kò dára lórí koríko: bí a bá gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbòǹgbò rẹ̀ a rẹ̀, oòrùn a sì jó o. Ṣùgbọ́n owó yàrá ọmọ mi ní Calavi kò tíì yẹ̀ lóṣù kankan láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 2024, nígbà tí ilé mẹ́ta tó tẹ́jú ti wà lọ́wọ́ mi, mo ra tondeuse, àlòkù, kì í dán. Mẹkáníìkì mi ti tú u wò kí n tó sanwó.

Bàbá mi wá kí wa ní ọjọ́ ìsinmi ọdún náà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí iṣẹ́ mi, mo sì mú wọn lọ sí ilé aládùúgbò wa. Wọn kò béèrè ẹ̀rọ. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n fi ọ̀pá wọn ṣíwájú, wọ́n rin koríko náà láti òpin kan dé èkejì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wo oko tí wọ́n fẹ́ fún un. Nígbà tí wọ́n padà dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n la ọwọ́ wọn. Òkúta kan wà níbẹ̀, kò ju ẹ̀wà kan lọ. Wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí a máa lọ sílé, ebi ń pa àwọn.